Pupa Wo?

Kí àkùkọ Kakuri tó kọ lẹ́ẹ̀kejì ni mo ti ń gbọ́ ọ,
ọmọlanke Dantala, táyà rẹ̀ ń ké bí ọmọ ẹyẹ,
kẹ́ẹ̀gì méjìlá lórí rẹ̀, omi ń mì nínú wọn.
Mo mọ̀ pé omi ni.
Bóyá ẹ rò pé n kò mọ̀.
Síbẹ̀ n ó ti ilẹ̀kùn, n ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
n ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, àyà mi a máa lù kì-kì-kì
títí táyà náà yóò fi ké kọjá.

Èmi Oyèékàn, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì,
télọ̀ tó ń rán babanríga fún àwọn àgbà ìlú.
Bí obìnrin bá gbé léèsì tó pupa rúsúrúsú wá,
"Abẹ́rẹ́ ti kán," ni n ó wí.
Abẹ́rẹ́ ti kán fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Ìyá mi ní ọwọ́ ayé ni.
Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi mú mi lọ sí ìsọjí ní Sabo.
Wòlíì gbàdúrà títí ilẹ̀ fi ṣú,
ó gbé ìgò òróró sókè kó fi ta mí lórí,
òróró náà tàn nínú iná gílóòbù,
ojú fèrèsé ni mo gbà jáde.
Wọ́n ní ẹ̀mí tó wà lára mi mọ òróró.
Àwọ̀ rẹ̀ ni. Ta ni n ó sọ ọ́ fún
tí kò ní rẹ́rìn-ín?

Talatu ò rẹ́rìn-ín.
Dókítà ni ní Barnawa, ọmọ Kachia,
àárín àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló dàgbà sí, Yorùbá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.
Mo ní, "Pupa ni mò ń bẹ̀rù."
Ó ní, "Pupa wo?
Ti epo? Ti osùn? Ti ilẹ̀ tí o tẹ̀ wọ ibí?
Bàtà ẹsẹ̀ rẹ pupa, o sì wọ̀ ọ́."
Mo wo ẹsẹ̀ mi.
Láti kékeré, n kò bi ara mi léèrè rí.
Pupa nílé wa dà bí agbo ilé ńlá:
ọ̀daràn kan sá wọ inú rẹ̀,
mo sì ń fi ẹ̀sùn kan gbogbo ará ilé.
"Rawaya," ni ó wí, bí àwọn Hausa ṣe ń pè é.
Òógùn bo àtẹ́lẹwọ́ mi.
Ó ní, "Ẹ̀ẹ́n. Òun nìyẹn."

Mo bi í pé níbo ló ti bẹ̀rẹ̀.
Bàbá mi ti paṣọ láró ní ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé;
bóyá mo rí nǹkan nínú agbada wọn lọ́jọ́ kan,
bóyá n kò rí nǹkan kan.
Ó ní, "A lè má mọ̀ láéláé.
Ilé tó ń jó, a kì í bi iná pé ọmọ ta ni ọ́
kí a tó bu omi lé e."

A bu omi náà díẹ̀díẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo pe orúkọ rẹ̀, n kò dìde.
Ọ̀sẹ̀ kejì, fọ́nrán òwú kan lórí tábìlì, kò gùn tó ìka.
Àyà mi fò sókè.
"Jẹ́ kó fò. Kò ní ìyẹ́, yóò balẹ̀."
Ó balẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, mo kà á lójú aago ara ògiri.
Lẹ́yìn ìyẹn ni àtalẹ̀ tútù láti oko ìyá rẹ̀,
ó ṣẹ́ ẹ sí méjì níwájú mi.
Inú rẹ̀!
Mo bì sínú garawa.
Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko n kò yọjú. N kò ní àlàyé.
Nígbà tí mo padà, àtalẹ̀ ti gbẹ lórí tábìlì, ó ń dúró dè mí.

Àárọ̀ òní, ọyẹ́ bo Kakuri, táyà ń ké bọ̀.
N kò yí kọ́kọ́rọ́.
"Mai ruwa!" Ohùn mi há.
Dantala wò mí bí ẹni rí òkú tó ń ra iyọ̀.
"Guda nawa?"
Mo na ìka méjì.
Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé wọn wọlé,
ó gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ìdajì omi fi dà sí ìloro.
Mo fi ìyókù wẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ Náápù ló kù, tó jẹ́ rawaya látòkè délẹ̀.
Ẹsẹ̀ ni mo ṣì ń fi rìn lọ sí Barnawa.